Ìtàn Ìtọ́jú Àpò Ọkàn Tó Ń Wú Léraléra

Àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló bo ọkàn. Bí ó bá wú, àyà a máa ro ènìyàn, àrùn náà sì lè padà lẹ́yìn ìtọ́jú.

Ní 1987, àwọn dókítà Sípéènì ròyìn pé colchicine, oògùn àtijọ́ fún oríkèé tó wú, ń dènà ìpadàbọ̀ náà. Ìwádìí Ítálì ti 2011 fìdí èyí múlẹ̀: àrùn padà sára 24 nínú 100 àwọn tó lò ó, àti 55 nínú 100 àwọn tí kò lò ó.

Ní Áfíríkà, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló sábà ń fà á. Ìwádìí IMPI ti 2014, tó kan aláìsàn 1,400, fi hàn pé prednisolone kò dín ikú kù. Nítorí náà, kí àwọn ará Etikan tí irú ìrora àyà bẹ́ẹ̀ ń ṣe tètè wọkọ̀ ojú omi lọ yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò. Gbòǹgbò àrùn ni à ń wá, a kì í gé ẹ̀ka rẹ̀ nìkan.