Ilẹ̀ Oko àti Ipò Aya

Àbàtà ni ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀, lẹ́bàá Àpápá, kí ilé tó bò ó. Orúkọ rẹ̀ sì ń jẹ́rìí pé ajé ni ó mú ènìyàn wá síbẹ̀, kì í ṣe oko. Síbẹ̀ ẹrù oko ń wọ ọjà Boundary tí ó wà níbẹ̀: gàrí, ẹ̀fọ́, epo pupa. Obìnrin tí ń tà á ni a ń rí. Àwa ń fẹ́ kí òǹkàwé wa bá wa ro ti èyí tí a kò rí, èyíinì ni obìnrin tí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ li oko, àti ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà.

Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ li ọdún 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, fi hàn pé ọkùnrin ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọkọ́, ṣùgbọ́n epo pupa, àdín, òrí àti òwú rírán jẹ́ ti obìnrin. Nítorí èyí àwọn kan a máa wí pé obìnrin Yorùbá kì í ṣe àgbẹ̀. Àwa kò gbà. Ẹni tí ń kórè, tí ń rù ú, tí ń pa èkùrọ́, tí ń bó ẹ̀gẹ́, tí ó sì ń yan gàrí, kí ni a ó pè é?

Ọ̀ràn náà wá le sí i nísinsìnyí tí ojú ọjọ́ ń yí padà. Èéfín epo àti èédú tí gbogbo ayé ń jó ń mú kí ayé gbóná. Àwọn àgbẹ̀ sì ń ráhùn pé òjò àkọ́rọ̀ ń tan wọ́n jẹ: yóò rọ̀, wọn yóò gbin àgbàdo, ọ̀dá yóò sì tún dá. Li ọdún 1983 ọ̀dá mú, iná oko sì jó ọ̀pọ̀ oko kòkó ní ilẹ̀ wa. Ẹ̀gẹ́, tí ń fara da ọ̀dá, tí ó sì lè dúró nínú ilẹ̀ títí a ó fi fẹ́ ẹ, ni ó wúlò ní irú ọdún bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àtúnṣe tí ó dára jù, bíi igi tí yóò ṣíji bo oko àti ilẹ̀ tí a ń tọ́jú kí ó lè pa omi mọ́, ń fẹ́ ọdún púpọ̀. Ta ni yóò ṣe é lórí ilẹ̀ tí a lè gbà li ọwọ́ rẹ̀? Àṣà wa kò gbà kí àlejò tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ gbin igi, nítorí igi jẹ́ ẹ̀rí pé ènìyàn ni ilẹ̀. Aya kò sàn jù àlejò lọ. Li ọdún 1924, nínú ẹjọ́ Lopez àti Lopez, ilé ẹjọ́ li Èkó gbà pé ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ bí ọmọkùnrin nínú ohun ìní ìdílé. Ṣùgbọ́n li ọdún 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti àpapọ̀ wí pé aya kì í jogún ọkọ rẹ̀ nínú àṣà Yorùbá. Òfin ilẹ̀ ti 1978 kò sì yí èyí padà, ó fi ogún sílẹ̀ fún àṣà.

A mọ ìtàn àwọn ọmọbìnrin Selofehadi tí wọ́n dúró níwájú Mose, tí a sì fún wọn ní ilẹ̀. Ọmọ ni wọ́n, wọn kì í ṣe opó. Ti opó ni ó kù. Ọkọ tí ó fi owó ara rẹ̀ ra ilẹ̀ lè fi í fún aya rẹ̀ li ojú ẹlẹ́rìí nígbà ayé rẹ̀, tàbí kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún. Ilẹ̀ ìdílé nìkan ni kò lè fi tọrẹ àfi bí àwọn ará ilé bá gbà.