Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Onígbà Díẹ̀ Níbi Ìpàdé Ńlá: Bí A Ṣe Lè Dènà Àrùn

Bí ìpàdé ìsọjí tàbí ìkórè bá kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ onígbà díẹ̀ di dandan. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun: ìwé Deuteronomi orí 23 pàṣẹ fún Ísírẹ́lì láti yan ibìkan lẹ́yìn ibùdó, kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n sì bo ìgbẹ́ wọn mọ́lẹ̀.

Ewu rẹ̀: Àrùn onígbáméjì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti aràn máa ń ti ara ìgbẹ́ dé ẹnu nípasẹ̀ omi, ọwọ́, oúnjẹ àti eṣinṣin. Ní òpin ọdún 1970 ni onígbáméjì wọ Nàìjíríà. Ní ọdún 2021, àwọn tí a fura sí pé ó mú lé ní 100,000, àwọn tí ó kú sì lé ní 3,500. Ní Akobo, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti gbójú lé omi kànga, ṣáláńgá tí a gbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta péré lè ba omi aládùúgbò jẹ́, pàápàá lásìkò òjò.

Ibi tí a ó gbé e sí: Ìlànà Sphere, tí àwọn aṣèrànwọ́ ń lò káàkiri àgbáyé, ní kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga ní mítà 30 ó kéré tán, kí ìdí rẹ̀ sì fi mítà 1.5 ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ. Bí àyè kò bá gbà, ẹ yá alágbèéká.

Iye rẹ̀: Ní ibùdó tí àwọn ènìyàn ń sùn sí, ìlànà kan náà fẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ 1 fún ènìyàn 20, kí ti obìnrin jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti ọkùnrin.

Ìtọ́jú rẹ̀: Kí omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí àwọn tí a yàn máa fi omi kílórínì nu ìjókòó àti ilẹ̀kùn. Kí wọ́n má ṣe wà lára àwọn tí ń dáná. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ibi tí ọkọ̀ yóò da ìgbẹ́ náà sí. Kò gbọdọ̀ jẹ́ odò.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń yàgbẹ́ olómi, ẹ po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ omi mímọ́ lítà 1, kí ó máa mu ún bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ó pe ènìyàn wá gba ìbùkún kò gbọdọ̀ fi àrùn rán wọn padà sílé.