Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé Odò Rouge

Odò Rouge, tí ó gba inú Ìpínlẹ̀ Michigan kọjá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí ó tó dà sínú Odò Detroit, kì í ṣe irú odò tí àwọn baba wa ń kì, tí wọ́n ń bọ, tí wọ́n sì ń pè ní ìyá. Nítorí láti ọdún 1917, tí Henry Ford ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-iṣẹ́ arabaríbí rẹ̀ sí etí odò náà ní ìlú Dearborn, níbi tí òkúta irin ti ń wọlé ní apá kan tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì ń jáde ní apá kejì, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun ẹ̀gbin tí a kò dà sínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ epo, ìbáà jẹ́ ásíìdì, ìbáà jẹ́ omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1969, odò náà gbiná. Omi tí gbogbo ayé mọ̀ sí apaná ni ó di ohun tí panápaná ń sáré lé! Epo tí ó léfòó sójú rẹ̀ ni iná ràn mọ́. Ariwo rẹ̀ kò tilẹ̀ lọ jìnnà, nítorí Odò Cuyahoga ní Cleveland ti jó ṣáájú ní oṣù kẹfà ọdún náà, òun ni gbogbo ènìyàn sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iná ni mo fẹ́ ròyìn, bí kò ṣe àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ri ìgò bọ omi náà láti mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀; kí a sì tó lè mọ bí iṣẹ́ wọn ti tó, ó yẹ kí a mọ àwọn tí ń gbé lókè odò àti àwọn tí ń gbé nísàlẹ̀. Ìlú àti ìletò 48 ni òjò wọn ń ṣàn wọ inú Rouge. Lókè lọ́hùn-ún, ní ìlú bíi Birmingham àti Bloomfield Hills, àwọn òyìnbó ọlọ́rọ̀ ni ó pọ̀ jù. Nísàlẹ̀ ni Detroit wà, níbi tí àwọn adúláwọ̀ ti ṣí wá láti gúúsù Amẹ́ríkà wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Ford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn òyìnbó sì ń kó kúrò níbẹ̀ wọ̀ọ́wọ̀ọ́, pàápàá lẹ́yìn rògbòdìyàn oṣù keje ọdún 1967 tí ó gba ẹ̀mí ènìyàn 43. Nígbà tí àwọn òbí adúláwọ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí bí a ti ya ọmọ wọn sọ́tọ̀, tí ilé-ẹjọ́ ìsàlẹ̀ sì pàṣẹ pé kí ọmọ ìlú àti ọmọ ìgbèríko máa kàwé pọ̀, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé àṣẹ náà ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1974, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, pé a kò gbọdọ̀ fi tipátipá mú ilé-ìwé ìgbèríko wọ inú ètò náà níwọ̀n ìgbà tí a kò tí ì fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n jẹ̀bi. Báyìí ni ìlà ṣe wà láàárín ọmọ àti ọmọ. Omi nìkan ni kò gbọ́ ìdájọ́ náà.

Ní ilẹ̀ wa, àwọn àgbà a máa sọ pé láti òkè ni omi ti ń tòrò, abúlé wo ni kò sì mọ̀ pé òkè odò ni a ti ń pọn omi mímu, pé ìsàlẹ̀ ni a ti ń fọ aṣọ, àti pé ẹni tí ó bá fọ aṣọ ẹ̀gbin lókè, kí ó múra à ti jẹ́jọ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà? Òfin tí ó dára ni, ṣùgbọ́n láàárín ọmọ ìlú kan náà ni ó ti lágbára. Nígbà tí ẹni òkè bá jẹ́ ará ìlú mìíràn, tí ó ní olórí tirẹ̀ àti owó orí tirẹ̀, ta ni yóò pè é wá sí ìdájọ́?

Iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé tí mo ń sọ yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Rouge. Ní ọdún 1984, ní ìlú Ann Arbor, àìsàn mẹ́dọ̀wú mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Huron, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi pátákó oníìgbòkun ṣeré lórí Odò Huron tí ó ń ṣàn lẹ́bàá ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n gbé ìbéèrè wọn tọ Yunifásítì Michigan lọ, níbi tí William Stapp wà, ẹni tí ó ti wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1969 ohun tí ẹ̀kọ́ nípa àyíká jẹ́, tí ó sì ti bá àjọ UNESCO ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kí ó tó padà sílé. Stapp àti àwọn tí ó ń kọ́ kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu dá àwọn ọmọ náà lóhùn. Ìdánwò mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ́ wọn, irú èyí tí àwọn onímọ̀ omi fi ń mọ ìlera odò.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí méjì nínú wọn. Láti wọn ọ́síjìn, ọmọ ilé-ìwé yóò ri ìgò kékeré bọ odò títí yóò fi kún dẹ́múdẹ́mú, yóò sì dé e lábẹ́ omi níbẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má bàa há sínú rẹ̀. Yóò kán oògùn méjì sí i: bí omi náà bá ní ọ́síjìn, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ yóò hù nínú ìgò, yóò sì máa rọra rọ̀ sísàlẹ̀, bí kò bá ní, funfun ni yóò jẹ́. Ásíìdì yóò sọ ọ́ di àwọ̀ ìyeyè, omi sítáàṣì yóò sọ ọ́ di aró, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa ka oògùn ìkẹyìn ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan títí aró náà yóò fi pòórá lójijì, iye ẹ̀kán tí ó sì kà ni yóò sọ fún un iye ọ́síjìn tí ẹja ń rí mí. Ìdánwò ti kòkòrò inú ìgbẹ́ gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ: a óò sẹ́ omi náà, a óò gbé asẹ́ rẹ̀ sínú ooru fún wákàtí 24, a óò sì ka àwọn àmì aláwọ̀ aró tí ó bá yọ, bí ó bá ju 200 lọ nínú mílílítà 100, kò yẹ kí ènìyàn lúwẹ̀ẹ́ nínú irú odò bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1987, ilé-ẹ̀kọ́ girama 16, ti ìlú àti ti ìgbèríko, gbé ìdánwò wọ̀nyí lọ sí Odò Rouge. Olúkúlùkù wọn bu omi ní ibi tí odò gbà kọjá lọ́dọ̀ wọn, wọ́n fi kọ̀ǹpútà fi ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́ sí ara wọn, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ òbí wọn kò tí ì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, wọ́n sì péjọ ní àpérò lẹ́yìn náà láti jíròrò. Ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ kò ṣòro láti lóye: páìpù àtijọ́ tí a rì mọ́lẹ̀ ní apá ibẹ̀, ọ̀kan náà ni ó ń gbé omi òjò àti omi ìgbọ̀nsẹ̀, tí òjò bá sì ti rọ̀ kọjá ohun tí ó lè gbà, àpọ̀jù rẹ̀ a tú sínú odò. Kì í sì í ṣe Detroit nìkan ni ó ní irú páìpù bẹ́ẹ̀; Birmingham àti Bloomfield, ìlú àwọn olówó, ní in pẹ̀lú, nítorí náà ẹni tí ó bá ń na ìka sí àwọn ará ìsàlẹ̀ ní láti wo ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀. Èmi kò gbà pé ọjọ́ díẹ̀ létí odò lè pa ẹ̀tanú ọjọ́ pípẹ́ rẹ́, bí àwọn kan ti ń fi ẹnu dídùn ròyìn irú ètò báyìí. Ṣùgbọ́n iye tí ọmọ òkè kà àti iye tí ọmọ ìsàlẹ̀ kà kò ní ìtumọ̀ àfi tí a bá tò wọ́n sórí ìwé kan náà; bí àwọn ọmọ tí òfin kò lè kó jọ sínú kíláàsì kan ṣe di ẹlẹ́rìí fún ara wọn nìyẹn.

Láti ibẹ̀ ni ètò náà ti tàn kálẹ̀. Ní 1989, Stapp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá GREEN sílẹ̀, tí ó so àwọn ilé-ìwé ilẹ̀ púpọ̀ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ odò. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1994, Al Gore tí ó jẹ́ igbákejì Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà kéde ètò GLOBE, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, nínú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wọn òjò, ooru, ìkúukùu àti omi, tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Stapp kú ní 2001.

Ìgbóná omi wà lára ìdánwò mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ náà. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe é nígbà náà ni pé kí a wọn omi ní ibi méjì tí ó fi máìlì kan jìnnà sí ara wọn, kí a fi mọ̀ bí ilé-iṣẹ́ kan bá ń tú omi gbígbóná sí àárín wọn. Wọn kò wá ooru tí ń ti ojú ọ̀run bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí tí ìyípadà ojú ọjọ́ fi bá wọn nídìí iṣẹ́ àtijọ́. Omi tí ó tutù dé ìwọ̀n 20 Sẹ́lísíọ̀sì lè gba nǹkan bí mílígíráàmù 9.1 ọ́síjìn nínú lítà kan, ṣùgbọ́n bí ó bá gbóná dé 30, kò lè gbà ju nǹkan bí 7.6 lọ. Afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run pẹ̀lú, bí ó bá fi ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì kan gbóná sí i, á lè gbé nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 ooru omi sí i, èyí tí yóò padà wá gẹ́gẹ́ bí òjò àrọ̀ìrọ̀dá. Láti 1992 ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í náwó lórí Rouge, a sì ti kọ́ àgbá omi ńláńlá tí ó ń gba àpọ̀jù páìpù nígbà òjò, kí a tó dá a padà fún fífọ̀, àwọn ẹja sì padà sí ibi púpọ̀ nínú odò. Síbẹ̀ òjò ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 2014 sọ òpópónà ńlá Detroit di odò, ti oṣù kẹfà ọdún 2021 tún ṣe bẹ́ẹ̀, tí omi ẹ̀gbin gba inú páìpù padà wọ yàrá abẹ́ ilé ní Dearborn láì béèrè ẹni tí ó ni ilé. Ẹgbẹ́ Friends of the Rouge, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986, ni ó ń bójú tó ètò àwọn ọmọ ilé-ìwé Rouge náà báyìí, wọ́n sì ṣì ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ sí etí odò.