Bí a ṣe ń yan páráṣúùtù, àti bí a ṣe ń lò ó kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀ láyọ̀

Ọmọ kan tó ti jókòó níwájú wa rí ní kíláàsì, tó ń gbé ní Faransé báyìí, fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí wa. Àpò dúdú kan ni, páráṣúùtù àlòkù. Ó ní òun ti fò ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ pẹ̀lú olùkọ́, ẹnì kan sì fẹ́ tà á fún òun ní owó pọ́ọ́kú. Ó ní kí a bá òun wò ó bóyá owó náà dára. A dá a lóhùn pé kì í ṣe owó ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè. Àwa kò fò rí o, ẹsẹ̀ wa kò kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n a kó ohun tí àwọn oníṣẹ́ náà mọ̀ jọ fún un, ohun náà la tún kọ síbí. A mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ọmọ wa tí irú eré yìí ń wù lókè òkun, àwọn òbí tó wà nílé ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ náà á sì fẹ́ mọ ohun tí ọmọ wọn gbé kọ́ ẹ̀yìn.

Nílẹ̀ wa níbí, bí a bá ti gbọ́ páráṣúùtù, sójà la máa ń rò. Mathieu Kérékou pàápàá ti ṣe olórí àwọn párákomandò ní Ouidah kó tó gba ìjọba ní 1972. Ṣùgbọ́n páráṣúùtù tí a máa ń rí lẹ́yìn àwọn sójà, èyí tó rí roboto bí agbòjò, kì í ṣe èyí tí àwọn eléré ń lò. Iṣẹ́ ti roboto ni pé kó dín ìyára kù; ibi tí atẹ́gùn bá gbé e lọ, ibẹ̀ náà ló ń lọ jù. Ti àwọn eléré jẹ́ onígun mẹ́rin, ó dà bíi tìmùtìmù tí wọ́n ran ní yàrá-yàrá, yàrá méje tàbí mẹ́sàn-án, tí ẹnu wọn ṣí níwájú. Afẹ́fẹ́ á wọ inú wọn, aṣọ á wú, á wá di ìyẹ́. Kì í kàn ń já bọ̀, ó ń fò lọ síwájú, ẹni tó wà nísàlẹ̀ sì ń darí rẹ̀. Domina Jalbert ló ṣe irú aṣọ yìí jáde ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, torí ohun tó ń fò síwájú lè gbé èèyàn lọ sí ibi tó fẹ́, ó sì lè fi èèyàn gbá ilẹ̀ bí ẹni tó já lórí zẹ́mì tó ń sáré.

Àwọn Faransé ti pẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1797, André-Jacques Garnerin já ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ bàlúùnù lókè Parc Monceau ní Paris, ó sì balẹ̀ láàyè. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 1912, télọ̀ kan tó ń jẹ́ Franz Reichelt wọ aṣọ páráṣúùtù tó ran fúnra rẹ̀, ó fò láti àjà àkọ́kọ́ Tour Eiffel, nǹkan bíi mítà 57 sílẹ̀. Aṣọ náà kò ṣí. Ó ti sọ fún àwọn aláṣẹ pé ère lòun fẹ́ jù sílẹ̀ láti dán an wò, àfi ìgbà tó gorí ilé tó ní òun fúnra òun ni. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká tú àpò náà wò báyìí. Aṣọ méjì ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Aṣọ àkọ́kọ́ ni a ń lò lójoojúmọ́, ẹni tó ni ín lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká a bí wọ́n bá ti kọ́ ọ. Èkejì ni aṣọ ìgbàlà, tí àwọn Faransé ń pè ní secours. Ìyẹn, ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí fún iṣẹ́ náà nìkan ló gbọ́dọ̀ ká a, á sì kọ ọjọ́ tó ká a sínú ìwé pélébé kan tó máa ń wà nínú àpò. Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló sọ ìgbà tí a gbọ́dọ̀ tú u ká padà. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ 180 ni, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án rárá.

Ohun kẹta tó wà nínú àpò ni ẹ̀rọ kékeré kan tí a lè pè ní olùṣọ́. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni CYPRES, tí wọ́n gbé jáde ní Jámánì ní 1991. Ó ń fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ṣe jìnnà tó. Bí èèyàn bá dákú tàbí tí ọkàn rẹ̀ fò lọ, tó ṣì ń já bọ̀ ní mítà 35 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tó ku nǹkan bíi mítà 225 sí ilẹ̀, ẹ̀rọ náà á gé okùn tó pa àpò aṣọ ìgbàlà dé, aṣọ á jáde fúnra rẹ̀. (Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwọ̀n tirẹ̀, ó máa ń tètè ṣiṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.) Ó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn là. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá tàn án láàárọ̀, nílẹ̀, níbi tí ẹ máa balẹ̀ sí, òkúta lẹ gbé kọ́rùn. Ó sì ní ọdún tí iṣẹ́ rẹ̀ ń parí. Lẹ́yìn náà, a kì í lò ó mọ́.

Nípa yíyan aṣọ, ìṣirò kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Wọ́n ń pè é ní charge alaire: ẹrù tí aṣọ ń gbé, tí a pín sí bí aṣọ ṣe fẹ̀ tó. Àṣà Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń ṣe é níbi gbogbo, ìwọ̀n lífúrù fún ẹrù, ẹsẹ̀ bàtà fún fífẹ̀ aṣọ. Kílò kan jẹ́ lífúrù Amẹ́ríkà 2.2. Ọmọ wa yìí wọn kílò 78. Àpò, káàsìkì àti aṣọ ara rẹ̀ á tó kílò 12. Àpapọ̀ jẹ́ kílò 90, ìyẹn lífúrù 198. Bí ó bá wà lábẹ́ aṣọ tó fẹ̀ tó 230, tí a bá pín in, á fún wa ní 0.86. Aṣọ á rọra máa lọ, bí ó bá ṣe àṣìṣe, á dárí jì í. Lábẹ́ 190, ó di 1.04. Aṣọ tí wọ́n fẹ́ tà fún un, 135 ni wọ́n kọ sí i lára. 198 pín sí 135 jẹ́ 1.47. Ìmọ̀ràn tí a ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kí iye yìí má kọjá 1.

Kí ló burú nínú aṣọ kékeré? Ó ń sáré. Bí ẹ bá fa okùn ìdarí apá kan, aṣọ ńlá á rọra yí, aṣọ kékeré á sorí kodò, á sì jẹ ọ̀pọ̀ mítà kó tó tún gbérí. Àwọn tó ti fò ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá a ṣe. Àwọn kan tún wà tí etí wọn fẹ́lẹ́ bí ewé, ìyẹn tún yára jù ú lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún ọmọ yín pé kó ra kékeré, kó bàa lè dàgbà sínú rẹ̀ bíi bàtà, òdì ló sọ. Ńlá la fi ń bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ la ń sọ̀ kalẹ̀.

Aṣọ ìgbàlà náà ní ìwọ̀n. Àwọn tó ń ta nǹkan máa ń sọ̀rọ̀ aṣọ àkọ́kọ́ nìkan, wọn kì í dárúkọ èkejì. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: kílò mélòó ló lè gbé? Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ ni ẹ máa wà lábẹ́ rẹ̀, bóyá pẹ̀lú apá tó ti rọ́, bóyá lórí oko olóko. Ọjọ́ yẹn kọ́ ló yẹ kí ẹ máa kọ́ bí a ṣe ń darí aṣọ kékeré.

Ọ̀rọ̀ àlòkù kò burú nínú ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ eléré ló ń rà á. Ẹ béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é, iye ìgbà tí wọ́n ti fi fò, àti ìwé pélébé tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Nálọ́ọ̀nù ni aṣọ náà, oòrùn sì ni ọ̀tá rẹ̀. Èyí tí wọ́n ti sá sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lè dára lójú kó sì ti gbó nínú. Omi òkun àti iyanrìn náà ń bà á jẹ́. Aṣọ tuntun tí afẹ́fẹ́ kì í gba inú rẹ̀ kọjá máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bíi ẹja àrọ̀, kíká rẹ̀ ń dá èèyàn lágara, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ ju ti àtijọ́ tí afẹ́fẹ́ ń jò lára rẹ̀. Àwọn okùn pẹ̀lú ń gbó: irú èyí tí wọ́n ń pè ní Spectra máa ń sún kì nítorí ooru ìfararora, nígbà tí apá kan bá sì kúrú ju èkejì, aṣọ kò ní lọ tààrà mọ́. Ìdè itan àti ti àyà gbọ́dọ̀ bá ara ẹni mu, àpò ẹni gíga kò yẹ ẹni kúkúrú. Kí ẹ tó sanwó, kí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí tú gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò. Bí olówó ọjà bá ní kò sáyè fún ìyẹn, ẹ jẹ́ kó gbé ẹrù rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ fífò, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ń yẹ nǹkan wò: kí a tó gbé e kọ́, kí a tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, àti kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ẹlòmíràn ló yẹ kó bá ẹ wo ẹ̀yìn, torí kò sẹ́ni tó ń rí ìpàkọ́ ara rẹ̀. Káàsìkì tó le, awò ojú, bàtà tí kò ní ìkọ́, aago gíga lọ́wọ́. Ti kámẹ́rà, ìmọ̀ràn ni pé kí èèyàn ti fò tó ìgbà 200 kó tó so ó mọ́ káàsìkì. A mọ̀ pé àwọn ọmọ wa ò ní fẹ́ gbọ́ èyí, torí fọ́tò ni ìdajì ìdí tí wọ́n fi ń lọ.

Láti mítà 4,000, èèyàn á já bọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 50, ìyára rẹ̀ á sún mọ́ kìlómítà 200 ní wákàtí kan. Ìyára yẹn ń jẹ mítà 55 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí aṣọ bá ṣí, ìbéèrè mẹ́ta ni: ṣé ó tóbi? ṣé ó pé igun mẹ́rin? ṣé ó ń gbọ́ràn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ìpinnu gbọ́dọ̀ wáyé ní gíga tí wọ́n ti dá sọ́kàn láti ilẹ̀. Fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ẹsẹ̀ bàtà 2,500 ni, bíi mítà 760. Ẹni tó ṣì ń já bọ̀ pẹ̀lú ìyára kíkún láti ibẹ̀, kò ní tó ìṣẹ́jú-àáyá 14 kó tó kan ilẹ̀. Ọwọ́ fífà tó wà lápá ọ̀tún la kọ́kọ́ ń fà, òun ló ń já aṣọ tó bàjẹ́ dà nù. Tòsì ló ń ṣí aṣọ ìgbàlà. Òrùka mẹ́ta tó kó sínú ara wọn ní èjìká, iṣẹ́ ọwọ́ Bill Booth láti àwọn ọdún 1970, ló mú kí ìjádànù yẹn rọrùn. Bí a bá ṣí aṣọ ìgbàlà láì kọ́kọ́ já ti àkọ́kọ́ dà nù, méjèèjì lè lọ́ mọ́ra wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi èyí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, títí ọwọ́ fi mọ̀ ọ́n ju orí lọ.

Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń kú nínú eré yìí, páráṣúùtù wọn ṣí dáadáa. Nílẹ̀ níbí ni wọ́n ti ṣìṣe. Ẹnì kan rí igi níwájú, tàbí ó rí i pé atẹ́gùn ń ti òun lẹ́yìn, ó fa okùn ìdarí apá kan gidigidi nígbà tí ilẹ̀ ti sún mọ́. Aṣọ sorí kodò, kò sì sí gíga mọ́ tó máa fi gbérí. Ó sàn kéèyàn balẹ̀ tààrà sínú igbó ju kó yípo ní ìsàlẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ni ni pé kí èèyàn ti tò ó láti òkè: ní bíi mítà 300, á máa lọ pẹ̀lú atẹ́gùn, ní 180, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ní 90, á dojú kọ atẹ́gùn, kò sì ní yí mọ́. Ní bíi mítà mẹ́ta sí mẹ́rin sílẹ̀, á fa okùn méjèèjì wálẹ̀ pa pọ̀, ìyára á kú, ẹsẹ̀ á kanlẹ̀. Bí kò bá dá a lójú, kó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ kó yí gbirigbiri. Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ kì í fò tí atẹ́gùn bá kọjá bíi kìlómítà 22 ní wákàtí kan. Olùkọ́ tó bá dá èèyàn dúró nítorí atẹ́gùn, kò jẹ owó rẹ̀. Ẹ kí i.

Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Faransé, kó wá ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ Fédération Française de Parachutisme, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1949. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní PAC ni ọ̀pọ̀ fi ń wọlé: ẹ̀kọ́ orí ilẹ̀ ná, lẹ́yìn náà fífò pẹ̀lú olùkọ́ tó ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ń pèsè páráṣúùtù tó bá ara mu, kò sí ìdí láti tètè ra tẹni.

Ọmọ wa náà padà béèrè ìwé pélébé náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà. Ó pẹ́ kó tó rí i. Wọ́n kò tú aṣọ ìgbàlà náà ká fún ọdún mẹ́fà, ọdún ẹ̀rọ olùṣọ́ sì ti parí. Kò rà á. Ti ilé-ẹ̀kọ́ ló ṣì ń lò, aṣọ 230, ó ní ó lọ́ra jù.