Ẹ Yí I Sódì Kí Ẹ Tó Gbowó

Inú àpótí bàbá àgbà ni mo ti kọ́kọ́ rí ẹ̀yìntì, ìyẹn ohun tí a ń tẹ́ sábẹ́ iṣẹ́ ọnà ara aṣọ. Lẹ́yìn tí bàbá kú, wọ́n ní kí n kó àwọn ẹ̀wù wọn sá sóòrùn. Agbádá ẹtù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ ṣiṣẹ́ sí lọ́rùn àti láyà. Mo yí i sódì. Aṣọ funfun kan ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ iṣẹ́ náà, abẹ́rẹ́ sì gba inú òun àti ẹtù kọjá pọ̀. Etí aṣọ funfun yẹn ti gbó, ṣùgbọ́n ọnà tó wà lójú ẹ̀wù kò yẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ara aṣọ ni mò ń ṣe jẹun ní Òkè Gadà, ní Ẹdẹ níbí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ẹ̀wù oníṣẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọwọ́ àwọn Haúsá àti Tápà ni irú ọnà tó wà lára agbádá ti tọ̀ wá wá. Ọkùnrin ló máa ń ṣe é lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọnà wọn tó lókìkí ni aska takwas, ìyẹn ọ̀bẹ mẹ́jọ, nítorí àwọn ṣóńṣó gígùn tó dà bí ọ̀bẹ. Òwò gbé e rìn, ẹ̀sìn Ìsìláàmù náà sì bá a gbé e. Ẹdẹ kò gbẹ́yìn nínú ìyẹn: Tìmì Abíbù Lágúnjú, tó jọba ní ọ̀rúndún 19, wà lára àwọn ọba Mùsùlùmí àkọ́kọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Níbi tí ọba àti àlùfáà bá ti ń wọ ẹ̀wù ńlá lọ kírun Jímọ̀, oníṣẹ́ ọnà kò ní í ṣàìrí iṣẹ́ ṣe.

Ẹ̀rọ ló wá yí ọ̀rọ̀ padà. Ọdún 1851 ni Isaac Singer gbàwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Reluwé dé Ìbàdàn ní 1901. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé lẹ́yìn ìyẹn, ó ti gba Ẹdẹ kọjá dé Òṣogbo, ọjà òyìnbó sì ń bá a wọlé. Nígbà tí èmi ń kọ́ṣẹ́, ẹ̀rọ ṣígíṣágì ni ọ̀gá mi ń lò, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ kì í ní sùúrù bíi ti ọwọ́. Bó ṣe ń gún ló ń fa òwú, aṣọ tí kò bá sì rí nǹkan fẹ̀yìn tì yóò ká jọ. Àpò sìmẹ́ǹtì ni ọ̀gá mi fi ń ṣe ẹ̀yìntì. Èmi ni mo ń gbọn eruku rẹ̀ dànù, tí mò ń tú u ní ìpele ìpele, tí mò ń gé e bí ọrùn agbádá ṣe fẹ̀ tó. Bí iṣẹ́ bá parí, a ó máa fi èékánná ya pépà náà kúrò díẹ̀díẹ̀, kí òwú má baà já.

Àwọn ará St. Gallen ní Switzerland ti gba ọ̀nà mìíràn mú ẹ̀yìntì kúrò ní nǹkan bí 1880 sí 1890. Wọn a fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ sórí aṣọ kan, wọn a wá fi kẹ́míkà jẹ aṣọ náà tán, òwú nìkan ni yóò kù. Irú lẹ́ẹ̀sì kan nìyẹn. Láti bí ọdún 1960 sókè ni àwọn aláṣọ Lustenau ní Austria ti ń ṣe lẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí Nàìjíríà. Ní ti ẹ̀yìntì fúnra rẹ̀, ní 1948, ilé iṣẹ́ Freudenberg ní Jámánì gbé fọ́nrán tí wọn kò hun jáde, tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ bíi pépà. Ìran rẹ̀ ni ẹ̀yìntì tí a ń pè ní sítéè lónìí.

Nígbà tí mo fi owó àjọ ra ẹ̀rọ iṣẹ́ ọnà oníkọ̀ǹpútà, mo rò pé ọgbọ́n àpò sìmẹ́ǹtì ti tó mi. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé ni ogún ṣẹ́ẹ̀tì ìdárayá, irú èyí tó ń fà. Mo fi sítéè tó ń ya bíi pépà sábẹ́ gbogbo wọn. Wọ́n dára lójú. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí wọ́n fi kó wọn padà: wọ́n ti fọ̀ wọ́n, gbogbo àmì àyà wọn sì ti hunjọ bí ojú arúgbó. Èmi ni mo san owó ṣẹ́ẹ̀tì tuntun.

Ohun tí mo fi owó ara mi kọ́ nìyí. Kí ẹ tó yan sítéè, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fa aṣọ náà. Bó bá ń fà, èyí tí a ń fi sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀ ni kí ẹ lò, nítorí yóò wà níbẹ̀ títí aṣọ yóò fi gbó, bíi ti agbádá bàbá àgbà. Bí kò bá fà, bíi gínnì tàbí aṣọ òfì, èyí tó ń ya tó fún un; àmọ́ bí iṣẹ́ bá ki, ẹ fi méjì léra, tàbí kí ẹ padà sí èyí tí a ń gé. Aṣọ tí ojú ń rí inú rẹ̀, bíi nẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń yọ́ nínú omi ló yẹ ẹ́. Àrán ńkọ́? Ẹ tẹ́ èyí tó ń yọ́ náà lé e lórí pẹ̀lú, kí irun rẹ̀ má baà gbé òwú mì.

Ó ku férémù. Ẹdẹ la wà. Tìmì Adétóyèṣe Láóyè, tó wà lórí oyè láti 1946 sí 1975, ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, nítorí náà kò yẹ kí ọmọ Ẹdẹ ṣàìmọ awọ tó le. Ẹ fi ìka lu sítéè inú férémù, ó gbọ́dọ̀ dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ má fa aṣọ fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó kàn tẹ́. Aṣọ tí ẹ bá fà yóò sún padà bó bá kúrò nínú férémù, yóò sì kó iṣẹ́ yín jọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ẹ má fi owó sítéè ra òwú aláràbarà. Kí ẹ tó fa ẹ̀wù lé oníbàárà lọ́wọ́, ẹ yí i sódì. Bí ẹ̀yìn bá dára, ẹ gba owó yín.