Fresa y chocolate: Ìjọba Kúbà àti Ọkùnrin Tí Ó Fẹ́ràn Ọkùnrin Nínú Sinimá

Bí mo bá ti dárúkọ Kúbà, ọ̀rọ̀ òrìṣà ni ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń retí. Sinimá ni ti òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òrìṣà kò jìnnà sí i.

Ní ọdún 1959, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí Fidel Castro gba ìjọba, ni wọ́n dá ICAIC, ilé-iṣẹ́ sinimá ti ìjọba, sílẹ̀. Ní 1965, Che Guevara kọ̀wé nípa "ènìyàn tuntun" tí ìjọba sósíálíìsì yóò mọ. Ọdún náà gan-an ni wọ́n ṣí àgọ́ UMAP ní Camagüey, tí wọ́n ń fi tipátipá kó àwọn ọkùnrin tí ó fẹ́ràn ọkùnrin, pẹ̀lú àwọn onígbàgbọ́ kan, lọ ṣiṣẹ́ oko. Ní 1968 ni wọ́n tó tì í pa.

Ó yà mí lẹ́nu, nígbà náà, pé ICAIC yìí kan náà ni ó gbé Fresa y chocolate jáde ní 1993. Tomás Gutiérrez Alea àti Juan Carlos Tabío ni olùdarí. Ìtàn tí Senel Paz kọ ni wọ́n fi ṣe é. Ìtumọ̀ àkọlé ìtàn náà ni "Ìkookò, Igbó àti Ènìyàn Tuntun". Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi. Àkọlé yìí ni ó kọ́kọ́ dá mi dúró. Paz yá ọ̀rọ̀ Guevara, ó sì fi béèrè ẹni tí ènìyàn tuntun náà í ṣe.

Ọdún 1979 ni ìtàn náà wáyé. David jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Kọ́múnísì. Ó pàdé Diego ní Coppelia, níbi tí wọ́n ti ń ta áísìkiriìmù ní Havana. Ó ní òun mọ irú ẹni tí Diego jẹ́, torí ṣokoléètì wà, síbẹ̀ sitirọ́bẹ́rì ni ó rà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kí ó máa ṣe amí Diego. Ṣùgbọ́n ìwé, orin àti ìtàn Kúbà ni David bá nílé ọkùnrin náà, ó sì bá Nancy aládùúgbò rẹ̀ pàdé, ẹni tí ó ń bẹ àwọn òrìṣà tí àwọn baba wa gbé sọdá òkun.

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Diego fẹ́ràn Kúbà, síbẹ̀ ó di dandan kí ó kúrò níbẹ̀. Àwọn òǹwòran 1993 mọ ohun tí ó tẹ̀lé e: ní 1980, nǹkan bí 125,000 ènìyàn gba èbúté Mariel lọ sí Amẹ́ríkà, irú Diego sì pọ̀ nínú wọn.

David dì mọ́ Diego ní ìkẹyìn. Ó wú mi lórí, ṣùgbọ́n ìdágbére ni. Fíìmù náà kò rí àyè fún Diego nílé. Ní 2010, Castro gbà pé òun ni ó jẹ̀bi ìyà tí wọ́n fi jẹ wọ́n. Ní 2022, àwọn ará Kúbà dìbò fún òfin tí ó gba ìgbéyàwó wọn láàyè. Bí ẹ bá wo fíìmù náà, ẹ rántí àwọn tí ó ti lọ kí ọjọ́ yẹn tó dé.