"Partir", "quitter", "j'arrive": bí a ṣe ń lọ ní èdè Faransé

Ẹ̀yin ará wa ní Tchaourou, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Parakou, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní apá Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ òní kéré lójú, àmọ́ ó lè da ilé rú: báwo ni Faransé ṣe ń sọ pé ènìyàn lọ?

Ní ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Paris, wọ́n fa ìlà láti etí òkun wá sí òkè. Ní 1898 wọ́n tún fà á síwájú. Bí ọmọ ìyá kan ṣe di ọmọ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, tí èkejì di ọmọ abẹ́ Faransé. Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, ọkọ̀ ojú irin láti Kútọnu ti gba ọ̀dọ̀ wa kọjá dé Parakou. Ilé ìwé náà dé. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé àwọn amúnisìn Faransé, ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀, wọ́n á fi àmì kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹni tó fi ìbẹ̀rù kọ́ èdè lè mọ ọ̀rọ̀ sórí, kó má mọ inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo inú wọn. Láyé àtijọ́, "partir" túmọ̀ sí kí á pín nǹkan. Ẹni tó bá pín ara rẹ̀ kúrò lára àwọn yòókù, ó ti lọ nìyẹn. Ibẹ̀ ni ìtumọ̀ tòní ti wá. "Quitter" bá "quitte" tan, ìyẹn ẹni tí kò jẹ gbèsè mọ́. Nínú Faransé ilé ìwé, kì í dá dúró: a gbọ́dọ̀ dárúkọ ibi tàbí ẹni tí a fi sílẹ̀. Ní ti "s'en aller", "en" inú rẹ̀ ń sọ pé "kúrò níbí". Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ rán ọmọ níṣẹ́, "va" ni kí ẹ sọ. Tí ẹ bá ní "va-t'en", ẹ ti lé e nìyẹn.

Ibi tó ti le jù ni ọ̀rọ̀ ikú. "Papa est parti" lè jẹ́ ìrìn àjò, ó sì lè jẹ́ pé bàbá ti papòdà. Àmọ́ "Papa nous a quittés" kò ní iyèméjì: bàbá ti fi wá sílẹ̀. Tí irú iṣẹ́ yìí bá dé orí fóònù ẹbí tó wà ní Nàìjíríà, wọ́n lè rò pé bàbá kàn jáde nílé ni, kí ìsìnkú sì kọjá lórí wọn. Ẹ fi Yorùbá kún un nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́.

Ọ̀kan tún wà tó ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹni tó yọ́ lọ láìdágbére, Faransé ní ó lọ bíi Gẹ̀ẹ́sì, "filer à l'anglaise". Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìlọ àwọn Faransé nìyẹn. Àwọn méjèèjì tó pín wa, kò sí èyí tó fẹ́ gba ẹ̀bi náà.

Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í lọ láìgbàṣẹ. Ìdí nìyí tí àlejò fi máa ń sọ pé "je demande la route" kó tó dìde: ó ń tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ onílé. Ẹni tó sì ń jáde lọ á ní "j'arrive". Ará Paris tó bá gbọ́ ọ á yà á lẹ́nu, torí ẹ̀yìn ẹni náà ló ń wò. Kì í ṣe àwa Yorùbá nìkan ló ń sọ ọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àmọ́ ẹni tó bá mọ "mò ń bọ̀" kò nílò ògbufọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, tó bá di ìdánwò, ẹ kọ "je reviens". Nílé àti lọ́jà, ẹ má tijú "j'arrive". Òun àti "ó dàbọ̀" tiwa, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: ẹni tó lọ, à ń retí àbọ̀ rẹ̀.

Ó dàbọ̀ o.